Ojú Tó Ń Ṣiṣẹ́ Ọwọ́

Ẹni tó bá lọ ra àdìrẹ ní Ìtòkú, l'Abẹ́òkúta, ọwọ́ ló fi ń rà á kó tó fi owó rà á. Á fi ìka méjì di etí aṣọ mú, á máa fi wọ́n ra á títí yóò fi mọ̀ bóyá ó ki tàbí ó fẹ́lẹ́. Á yí i padà wo ẹ̀yìn rẹ̀. Á nà án sí ìmọ́lẹ̀. Á gbé e sún mọ́ imú, nítorí aṣọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú aró ní òórùn tirẹ̀. Ìyá àgbà mìíràn á fi omi díẹ̀ tọ́ ìka, á fi nu ojú aṣọ, kí wọ́n lè mọ̀ bóyá aró náà yóò dúró tàbí yóò bá omi lọ. Ìgbà tí ọwọ́ bá tẹ́ lọ́rùn tán ni ẹnu ń ṣí fún ìnájà.

Fóònù gba gbogbo iṣẹ́ yìí lọ́wọ́ oníbàárà. Ẹni tó jókòó sí Kánò, sí Peckham tàbí sí Houston, tó ń wo àdìrẹ Ìtòkú, gíláàsì ló ń fọwọ́ pa. Aṣọ tó ki àti èyí tó fẹ́lẹ́, èyí tí wọ́n fi ọwọ́ ṣe l'Abẹ́òkúta àti èyí tí ẹ̀rọ tẹ̀ ní Ṣáínà, bákan náà ni gbogbo wọn ṣe ń yọ̀ lábẹ́ ìka.

Bí àwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá bá ń sọ̀rọ̀ nípa ìpolówó ọjà ayé òde òní, iye èèyàn ni wọ́n máa ń kà: ẹgbẹ̀rún mélòó ló wò ó, mélòó ló tẹ láìkì, mélòó ló fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn. Ní tèmi, ibi tí iṣẹ́ náà ti le gan-an ni wọ́n ń fò kọjá: báwo ni ẹni tó rí ọjà lórí gíláàsì ṣe máa mọ̀ ọ́n bí ẹni tó fọwọ́ kàn án? Obìnrin kan wà ní Ìtòkú tó fi gbogbo ọgbọ́n orí rẹ̀ sí ìbéèrè yìí. Àǹtí Aláàdìrẹ ni àwọn oníbàárà rẹ̀ ń pè é, orúkọ yẹn náà ni n ó sì máa lò, nítorí kò fẹ́ kí n kọ orúkọ rẹ̀ síta. Ọmọ aláró ni, kò tíì pé ẹni ogójì ọdún, fóònù kan àti ògiri iwájú ṣọ́ọ̀bù sì ni gbogbo ohun èlò ìpolówó rẹ̀. Mo fẹ́ sọ bó ṣe ń ṣe é ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, nítorí iṣẹ́ tó dáa tó báyìí yẹ lóhun tí à ń wò fínnífínní.

Àwọ̀ ni iṣẹ́ rẹ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀. Aró wà lára ohun tó ṣòro láti yà ní fọ́tò. Kámẹ́rà fóònù kì í gba àwọ̀ bó ṣe bá a. Ó ń wo ìmọ́lẹ̀ tó yí nǹkan ká, á wá fi ìṣirò tún àwọ̀ náà ṣe kí funfun lè jọ funfun. Bí aṣọ bá kún inú fọ́tò, tó jẹ́ aró dúdú nìkan ni kámẹ́rà ń rí, ìṣirò náà á ṣìnà: aró á di àwọ̀ àlùkò, tàbí kó ṣá bí eérú. Bí wọ́n bá yà á lábẹ́ gílóòbù, funfun inú rẹ̀ á pọ́n. Bí wọ́n bá yà á lọ́sàn-án gangan, oòrùn á jẹ gbogbo ọnà wẹ́wẹ́ tó wà lójú rẹ̀.

Òwúrọ̀ ni Àǹtí máa ń ya tirẹ̀, láàárín aago mẹ́jọ sí mẹ́wàá, kí ọjà tó gbóná. Abẹ́ òrùlé iwájú ṣọ́ọ̀bù ló máa ń fi aṣọ kọ́ sí, níbi tí ìmọ́lẹ̀ ti dé tí oòrùn kò sì tíì dé. Lẹ́yìn náà, á lẹ bébà funfun pélébé kan mọ́ igun aṣọ náà. Iṣẹ́ méjì ni bébà yẹn ń ṣe. Ó ń fún kámẹ́rà ní funfun tó lè fi ṣe òṣùwọ̀n, kí ìṣirò rẹ̀ má baà ṣìnà. Ó sì tún ń jẹ́rìí fún oníbàárà. Ojú fóònù kò rí bákan náà, òmíràn pọ́n, òmíràn ṣókùnkùn, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí kò mọ bí bébà ṣe ń funfun. Bí bébà náà bá pọ́n lójú fóònù yín, ẹ mọ̀ pé aró tí ẹ ń wò náà ti kúrò ní ipò rẹ̀, ẹ ó sì béèrè kí ẹ tó sanwó.

Tó bá ti tò wọ́n tán, á tẹ ojú fóònù níbi tí aró àti funfun ti pàdé, á fi ìka sílẹ̀ síbẹ̀ títí kámẹ́rà yóò fi dúró sójú kan, lẹ́yìn náà ni yóò tó yà á. Kò ní fi ohunkóhun kùn ún mọ́. Áàpù tó ń mú kí àwọ̀ tàn ju bó ṣe wà lọ pọ̀ nínú fóònù, ọ̀fẹ́ sì ni púpọ̀ nínú wọn. Kò sí èyí tó lò nínú wọn fún aṣọ.

Fọ́tò tó dáa tún lè bàjẹ́ lójú ọ̀nà. WhatsApp máa ń fún fọ́tò pọ̀ kó tó gbé e lọ, kí dátà má baà tán lọ́wọ́ wa. Fún fọ́tò ìkómọ, kò sí ewu níbẹ̀. Fún àdìrẹ ẹlẹ́kọ, tí wọ́n fi ìyẹ́ adìẹ ya ẹ̀kọ làfún sí lójú, ewu wà. Nínú ọnà ẹlẹ́kọ tí wọ́n ń pè ní Ìbàdàndùn, bí àpẹẹrẹ, òpó Gbọ̀ngàn Mápó wà níbẹ̀ pẹ̀lú ọnà kéékèèké tó kún àárín wọn. Bí fọ́tò bá ti fún pọ̀, àwọn ìlà á rọ́ mọ́ ara wọn, òpó á sì di àbàwọ́n. Nítorí náà, bí oníbàárà bá ti mú aṣọ kan pàtó, bíi fáìlì ni Àǹtí ń fi fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́, kí ohunkóhun má baà dín kúrò lára rẹ̀. Láti 2023 tí WhatsApp ti fi HD kún fọ́tò, ó ń lo ìyẹn náà. Irú nǹkan báyìí kì í hàn sí ẹni tó ń ra ọjà. Ohun tí onítọ̀hún mọ̀ kò ju pé aṣọ tó dé ọwọ́ òun jọ èyí tí òun rí.

Àwọ̀ ni fọ́tò lè sọ. Ara aṣọ di ọwọ́ fídíò. Fídíò Àǹtí kì í ju ìṣẹ́jú kan lọ, ètò kan náà ló sì ń tẹ̀ lé nígbà gbogbo. Aṣọ á kọ́kọ́ hàn lódindi, láti òkè dé ilẹ̀. Ọwọ́ á wọlé, á fi àtẹ́lẹwọ́ rá lójú aṣọ láti ọ̀tún sí òsì, jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, kí a lè rí bí òwú ṣe ń dìde tó sì ń sùn. Ọwọ́ náà á fún aṣọ pọ̀ sínú ìkúùkù, á tú u sílẹ̀, a ó sì rí bó ṣe wé àti bó ṣe pẹ́ tó kó tó nà. Á gbọn ọ́n lẹ́ẹ̀kan kí a gbọ́ ìró rẹ̀, nítorí aṣọ tó ki kì í dún bí aṣọ tó fẹ́lẹ́. Kò sí orin lábẹ́ rẹ̀, kí orin má baà bo ìró yẹn mọ́lẹ̀.

Lẹ́yìn èyí ló kan ẹ̀yìn aṣọ. Aṣọ tí wọ́n fi fóòmù àti àbẹ́là yíyọ́ tẹ̀, ọnà rẹ̀ máa ń là dé ẹ̀yìn, nítorí àbẹ́là gbígbóná ń wọ inú òwú. Ẹlẹ́kọ ní tirẹ̀, ojú kan ni wọ́n ń ya ẹ̀kọ sí, ẹ̀yìn rẹ̀ á sì ṣókùnkùn ju iwájú lọ. Èyí tí ẹ̀rọ tẹ̀, àwọ̀ rẹ̀ sábà máa ń jókòó sójú nìkan, ẹ̀yìn á ṣá. Kí iyèméjì má baà kù, Àǹtí á gbé kámẹ́rà sún mọ́ ọnà méjì tó jọra, á rọra lọ láti orí ọ̀kan dé orí èkejì. Ẹ̀rọ ń tẹ ọnà kan náà ní àtẹ̀túntẹ̀ láìyẹ̀. Ọwọ́ èèyàn kì í ya ewé méjì kí wọ́n má yàtọ̀. Ìyàtọ̀ kékeré yẹn ló ń fi hàn, kò sì sọ ọ̀rọ̀ kankan sí i.

Ìparí fídíò ni mo fẹ́ràn jù. Á mú áńkáṣífù funfun, á rẹ ẹ́ sínú omi, á fi nu ojú aṣọ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, á wá na áńkáṣífù náà sí kámẹ́rà. Bí aró bá wà lára rẹ̀, ẹ ó rí i. Á ní: "Omi àkọ́kọ́ máa yọ aró díẹ̀ o. Ẹ fọ̀ ọ́ lọ́tọ̀, ẹ má pò ó mọ́ aṣọ funfun." Iṣẹ́ tí ìyá àgbà ń fi ìka tútù ṣe ní ọjà, ó ti bá oníbàárà ṣe é láti ọ̀nà jíjìn, ó sì gbà kí èsì rẹ̀ hàn síta, yálà ó gbè é tàbí kò gbè é.

Bí aṣọ bá ní àbùkù, tí aró ta sí ibi tí kò yẹ, tàbí tí àbẹ́là ti sán jù tí ìlà aró sì wọ inú funfun, á fi ìka tọ́ka sí i nínú fídíò: "Ẹ wo ibí yìí o." Á dín owó rẹ̀ kù. Àwọn àgbà ní òtítọ́ dọ́jà, ó kùtà. Owó lọ́wọ́ là ń ra èké. Ní ọjà orí fóònù, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọ̀rọ̀ rí ní ọjọ́ àkọ́kọ́. Fọ́tò tó ń dán ló ń yára tà. Ṣùgbọ́n èké tí wọ́n fi owó rà á máa padà wá láàárín ọjọ́ díẹ̀, á gbé fọ́tò ohun tí wọ́n pa láṣẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ fọ́tò ohun tó dé ọwọ́ wọn, gbogbo ayé á sì rí i. Mo ti rí ju ẹyọ kan lọ nínú àwọn olùtajà tí irú fọ́tò méjì bẹ́ẹ̀ sọ di ẹni tó ń yí orúkọ ojú ewé rẹ̀ padà. Àǹtí kò tíì yí tirẹ̀ padà rí.

Owó náà wà lára ohun tó ń fi hàn. Ọ̀pọ̀ olùtajà lórí Instagram kì í kọ iye owó sábẹ́ ọjà. "Ẹ wá sí DM" ni wọ́n ń wí, wọ́n sì ń lé oníbàárà lọ láìmọ̀. Lábẹ́ aṣọ Àǹtí, ẹ ó rí iye yáàdì, bí aṣọ ṣe fẹ̀ tó, irú òwú tó jẹ́, ọ̀nà tí wọ́n gbà ṣe é, iye owó rẹ̀, àti pé owó ọkọ̀ kò sí nínú rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ ná an, ẹ wá ná an. Ìnájà kò kúrò, ṣùgbọ́n ibi tó ti ń bẹ̀rẹ̀ hàn sí gbogbo ènìyàn.

Ohùn rẹ̀ tún jẹ́ iṣẹ́ lọ́tọ̀. Ọ̀pọ̀ oníbàárà rẹ̀ kì í fẹ́ ka ọ̀rọ̀ gígùn, nítorí náà ó ń fi fóìsì nóòtì ránṣẹ́. Ọmọ Yorùbá ni wá, a ti mọ ìpolówó ọjà láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Ẹni tó ń kiri máa ń ki ọjà rẹ̀ kí ìyàwó ilé tó wà nínú yàrá lè mọ̀ pé ó gbóná, ó dùn, ó sì ti dé ẹnu ọ̀nà. Àǹtí jogún ohùn yẹn lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀, tí wọ́n fi ọ̀pọ̀ ọdún ta aṣọ kí ẹsẹ̀ tó máa dùn wọ́n. Ó ti tún un ṣe fún fóònù. Láti 2021 ni WhatsApp ti gba olùgbọ́ láyè láti mú kí ohùn sáré ní ìlọ́po kan ààbọ̀ tàbí ìlọ́po méjì, Àǹtí sì mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ènìyàn ń lò ó. Nítorí náà, ó ń dákẹ́ díẹ̀ láàárín gbólóhùn, ó ń pe nọ́ńbà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó sì ń pe iye owó lẹ́ẹ̀mejì ní ìparí. Mo ti gbọ́ ohùn rẹ̀ ní ìlọ́po méjì. Kò sí ọ̀rọ̀ kan tó sọnù. Yorùbá tí ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ rẹ̀ bá ti pò pọ̀ ti di ọ̀rọ̀ mìíràn, kí ìyẹn má sì ṣẹlẹ̀ ní irú eré bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ ọwọ́ gidi ni.

Ó mọ ìwọ̀n pẹ̀lú. Status WhatsApp máa ń parẹ́ lẹ́yìn wákàtí 24, òrùka tó yí àwòrán olùtajà ká á sì máa gé sí wẹ́wẹ́ bó bá ṣe ń gbé nǹkan sí i sí. Bí wẹ́wẹ́ náà bá ti pọ̀ jù, ènìyàn á fò ó kọjá. Aṣọ tí Àǹtí ń gbé síbẹ̀ lójúmọ́ kì í ju márùn-ún lọ, èyí tó bá sì dára jù ló ń ṣíwájú.

Bẹ́ẹ̀, àwọn wo ló ń rí gbogbo èyí? Ibí ni ọgbọ́n Àǹtí ti ṣíwájú àwọn tó ní owó jù ú lọ. WhatsApp ní ètò kan tí olùtajà lè fi ránṣẹ́ sí ènìyàn 256 lẹ́ẹ̀kan náà. Ìránṣẹ́ náà kì í dé ọ̀dọ̀ ẹnikẹ́ni tí kò bá tọ́jú nọ́ńbà olùtajà náà sínú fóònù tirẹ̀. Olùtajà mìíràn rí èyí bí ìdíwọ́. Àǹtí rí i bí ìyọ̀ǹda. Bí ènìyàn bá kọ́kọ́ wá bá a, kì í ní kí ó rà, á ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tọ́jú nọ́ńbà mi, kí n lè máa fi aṣọ tuntun hàn yín. Bó bá sú yín, ẹ pa á rẹ́, kò sí ìjà." Ẹni tó bá tọ́jú rẹ̀ ti ṣí ilẹ̀kùn fún un. Nínú WhatsApp Business, ó ń fi àmì aláwọ̀ sí ara ẹnì kọ̀ọ̀kan: ẹni tó ti sanwó, ẹni tó ń dúró de aṣọ, ẹni tí ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀ ń bọ̀, ẹni tí kò fẹ́ràn àwọ̀ pupa. Ẹni tó ń wá aṣọ ẹbí ogún ènìyàn kì í gba ìránṣẹ́ kan náà pẹ̀lú ẹni tó ń wá aṣọ ìrọ̀rí. Kò sì ní gbé fọ́tò oníbàárà síta láìkọ́kọ́ béèrè. Nàìjíríà ṣe òfin ààbò ìsọfúnni ara ẹni ní 2023, ṣùgbọ́n kí òfin tó dé ni Àǹtí ti ń béèrè. Lójú tirẹ̀, ẹni tó ra aṣọ kò ta ojú rẹ̀.

Ẹ wá fi èyí wé ohun tó ṣẹlẹ̀ sí àwọn ilé iṣẹ́ ńlá. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, wọ́n ń tọpa ènìyàn láti ojú ewé kan dé òmíràn láìbéèrè, wọ́n sì ń fi ohun tí wọ́n rí kó jọ pinnu ìpolówó tí ẹnì kọ̀ọ̀kan máa rí. Ní oṣù kẹrin 2021, Apple pa á láṣẹ pé áàpù tó bá fẹ́ tọpa olùlo iPhone gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbàṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ló sọ pé rárá. Google náà kéde ní 2020 pé òun yóò yọ àwọn kúkì tí àwọn ilé iṣẹ́ ìpolówó fi ń tọpa ènìyàn kúrò nínú Chrome, ó ń sún ọjọ́ náà síwájú, ó sì yí ìpinnu padà ní 2024. Láàárín ìgbà yẹn, gbogbo ẹnu ló ń sọ pé kí ilé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan wá oníbàárà tó fi ìfẹ́ inú ara rẹ̀ sọ ohun tó ń fẹ́. Ohun tí wọ́n ń wá kiri yìí ni Àǹtí ti ní nínú fóònù kan ṣoṣo, pẹ̀lú orúkọ, pẹ̀lú ọjọ́ ìnáwó, pẹ̀lú ìyọ̀ǹda.

AI ló kù, ọgbọ́n àtọwọ́dá tí gbogbo ènìyàn ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ láti ìparí 2022 tí ChatGPT ti jáde. Ó ti wọ ọjà aṣọ. Ní 2023, Google gbé ètò kan jáde ní Amẹ́ríkà tí obìnrin lè fi wo bí ẹ̀wù kan yóò ṣe rí lára àwọn tí ìdúró wọn yàtọ̀ síra láìwọ̀ ọ́. Ní Ìtòkú, ọmọ ẹ̀gbọ́n Àǹtí kan tó mọ̀ nípa kọ̀ǹpútà fi fọ́tò àdìrẹ kan sínú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, ẹ̀rọ náà sì gbé àrẹwà obìnrin jáde tó wọ ìró àti bùbá aṣọ náà létí òkun. Àwòrán náà dára, n kò ní purọ́. Àǹtí fi ìka méjì fẹ̀ ẹ́ lójú, ó wo èjìká bùbá náà dáadáa, ó ní: "Ta ló ya èyí? Kì í ṣe aṣọ mi."

Mo bá a wò ó. Lójú aṣọ gidi, tí wọ́n pín sí ilé-ilé, ilé kọ̀ọ̀kan ní ọnà tirẹ̀: ewé ń bẹ nínú ọ̀kan, ẹyẹ nínú òmíràn, ìlà dídì nínú ìkẹta. Ẹ̀rọ náà ti gba díẹ̀ níbẹ̀, ó sì ti fi ọgbọ́n orí ara rẹ̀ kún ìyókù. Ewé kan ti ní ìrù. Ẹyẹ kan ti wọ inú ẹyẹ mìíràn. Ìlà tó yẹ kó dúró ní igun ti ń ṣàn lọ sí apá. Ẹ̀rọ náà mọ bí àdìrẹ ṣe máa ń rí. Kò mọ bí aṣọ yìí ṣe rí. Ẹni tó bá ti ara àwòrán yẹn sanwó yóò gba aṣọ tí kò rí rí.

Àǹtí kò lé AI jáde. Ó ń fi í túmọ̀ ọ̀rọ̀ sí Faransé fún àwọn oníbàárà rẹ̀ ní Kútọnu, ó ń fi í ṣètò ìdáhùn sí ìbéèrè tí ènìyàn ń béèrè lójoojúmọ́, ó sì ń jẹ́ kí ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi í pa ariwo ọjà rẹ́ lábẹ́ ohùn. Òfin tó fi lélẹ̀ fún ọmọ náà kò gùn: AI lè sọ̀rọ̀ nípa aṣọ, kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan aṣọ.

Mo bọ̀wọ̀ fún òfin yẹn nítorí Abẹ́òkúta ti bá irú ọ̀rọ̀ yìí jìjàkadì rí. Àwọn aláró ibẹ̀ kì í ṣe ọ̀lẹ nínú ìpolówó. Nígbà tí ọba Gẹ̀ẹ́sì, George Karùn-ún, ṣe àjọ̀dún ọdún 25 lórí ìtẹ́ ní 1935, àwòrán ọba àti olorì bọ́ sójú àdìrẹ, ọnà tí a mọ̀ sí Olóba. Wọn kì í ṣe ẹni tó ń sá fún ohun tuntun pẹ̀lú. Ṣáájú ìgbà náà, sódà àti aró òyìnbó ti wọ inú ìkòkò. Iṣẹ́ tí èlú àti omi eérú ń fi ọjọ́ púpọ̀ ṣe di ohun tó ń yá kíákíá, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì wọ iṣẹ́ náà. Àwọn kan kò mọ ìwọ̀n sódà. Ó jẹ òwú, aṣọ ń ya, aró ń ṣí, àwọn oníṣòwò tó ń ti Senegal wá rà á sì bẹ̀rẹ̀ sí í ráhùn, ní ìgbà tí owó ayé náà kò lọ déédéé. Ní àwọn ọdún 1930, Aláké Ládàpọ̀ Adémọ́lá fi òfin de sódà àti aró òyìnbó. Àwọn aláró kò gbà, obìnrin ni púpọ̀ jù nínú wọn, wọ́n sì gbé ọ̀rọ̀ náà dé iwájú ìjọba.

Sódà yẹn náà ló wà nínú ìkòkò ọ̀pọ̀ aláró ní Ìtòkú lónìí, kò sì sí ẹni tó ń bá a jà mọ́. Ọwọ́ tó mọ ìwọ̀n rẹ̀ ló sọ ọ́ di ohun èlò rere, aṣọ tó sì jáde lọ́wọ́ àwọn tó mọ̀ ọ́n ló dá orúkọ ọjà náà padà. Bẹ́ẹ̀ ni yóò rí fún AI. Yóò di ohun tí a kò ní máa pariwo rẹ̀ mọ́. Kí ọjọ́ yẹn tó dé, àwọn tó ń wọn ọ́n dáadáa báyìí ni yóò pinnu bóyá àwọn oníbàárà á ṣì gba fọ́tò gbọ́ rárá. Ìjọba Ìpínlẹ̀ Ògùn ti dá ọjà àdìrẹ sílẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ohun rere sì ni. Pèpéle ni ìjọba lè tẹ́. Òótọ́ tí wọ́n máa gbé sórí rẹ̀ kù sọ́wọ́ irú àwọn Àǹtí wọ̀nyí.

Ìyókù iṣẹ́ náà kò ní ariwo nínú. Bí owó bá ti wọlé, Àǹtí á tún ya aṣọ náà ní fídíò, bó ṣe ń wọ̀n ọ́n yáàdì kan tẹ̀ lé òmíràn, bó ṣe ń ká a, bó ṣe ń fi ọ̀rá dì í kí òjò má baà kàn án. Tí ọkọ̀ bá fẹ́ gbé e, á fi nọ́ńbà awakọ̀ àti fọ́tò ẹrù tí wọ́n kọ orúkọ sí ránṣẹ́. Tí aṣọ bá dé, kò ní kọ́kọ́ béèrè fún ìyìn tó lè gbé síta. Ohun tó máa ń béèrè ni: "Ṣé àwọ̀ rẹ̀ rí bí ẹ ṣe rò ó?" Bí oníbàárà bá ní rárá, Àǹtí á padà lọ wo fọ́tò tó fi ránṣẹ́, á wo bébà funfun igun rẹ̀, á wá ibi tí ìṣìnà ti wọlé. Bó bá jẹ́ tirẹ̀, á gba aṣọ padà.

Ohun tí mo fi ń mọ̀ pé iṣẹ́ yìí ti dé ojú ìwọ̀n kò sí nínú iye láìkì. Oníbàárà rẹ̀ kan wà nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí kò tíì fi ẹsẹ̀ tẹ Ìtòkú rí. Níbẹ̀rẹ̀, kò sí igun aṣọ tí kò ní kí wọ́n yà fún òun wò: iwájú, ẹ̀yìn, etí, áńkáṣífù. Ìránṣẹ́ tó fi ránṣẹ́ kẹ́yìn, tí Àǹtí fi hàn mí, kò ju báyìí lọ: "Àǹtí, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ bá mi mú èyí tó bá wù yín, yáàdì márùn-ún, ti ìkómọ ni." Kò béèrè fọ́tò, kò béèrè fídíò. Ó ti fi ojú ara rẹ̀ sí Àǹtí lọ́wọ́, ó sì sanwó kó tó mọ irú aṣọ tó ń bọ̀.

Kò sí ẹ̀rọ ìpolówó tó lè ra irú ọ̀rọ̀ yẹn fún ilé iṣẹ́ kankan, bó ti wù kí owó rẹ̀ pọ̀ tó. Ọ̀nà tó lọ síbẹ̀ ṣí sílẹ̀ fún olówó àti fún tálákà bákan náà. Ilé iṣẹ́ tó bá fẹ́ irú oníbàárà bẹ́ẹ̀, kó bẹ̀rẹ̀ láti orí fídíò ẹ̀yìn aṣọ.